Èmi, Ẹ̀rọ Oorun Mi àti Àwọn Àna Mi

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ máa rín in. Ìyàwó mi ti rín in títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, àwọn ìbejì mi sì ti sọ ọ́ di eré tí wọ́n ń ṣe fún àlejò. Àmọ́ kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nídìí oorun, kí ẹ lè mọ bí ibi tí mo ti já bọ́ ṣe ga tó.

Ọ̀gá ni mí nídìí oorun. Kò síbi tí mi ò lè sùn. Mo lè sùn nínú dáńfó tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo "Dùgbẹ̀! Dùgbẹ̀!" sí mi létí. Mo lè sùn níbi ìpàdé, kódà bó jẹ́ èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà kì í tíì ka ẹsẹ Bíbélì tán tí èmi ti ń dáhùn "Àmín" lójú àlá. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ráhùn pé oorun ò kun àwọn. Èmi á kàn máa wò wọ́n. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọkàn wọn ni kí wọ́n lọ tún ṣe. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí kò di ẹnikẹ́ni sínú, kí ni yóò lé oorun lójú ẹ̀?

Ìyàwó mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní mò ń hanrun. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kì í ṣe híhanrun náà gan-an ló ń ba òun lẹ́rù, ìgbà tó bá dá ni. Ó ní á kàn dá kẹ́. Òun á máa retí. Òun á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà, ìgbà náà ni n óò tó mí kanlẹ̀, tí ibùsùn á mì. Mo ní àlá ló ń lá. Àgbàlagbà bíi tèmi sùn, ó jí, ara ẹ̀ le. Ta ni yóò wá máa ròyìn oorun ẹ̀ fún un?

Nígbà tó yá, ó gbé fóònù ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lóru, ó gba ohùn mi sílẹ̀. Ó wá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ níbi tí mo ti ń fi àkàrà mu ògì. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Inú bí mi. Mo ní, "Jẹnẹrétọ̀ ta ni wọ́n gbé sábẹ́ fèrèsé wa yìí?"

Àwọn ìbejì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà nìyẹn.

Dókítà ò tíì wo ibòmíràn tó fi fi téèpù wọn ọrùn mi. Ó ní bí ọrùn ọkùnrin bá ti ju ínǹṣì 17 lọ, kó máa kíyè sí oorun ẹ̀. Tèmi ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Télọ̀ mi mọ̀, kò kàn fẹ́ pàdánù oníbàárà ni. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé kan fún mi tó ní ìbéèrè mẹ́jọ. Ṣé o lè tòògbé bí o bá ń kàwé? Bí o bá ń wo tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Bí o bá jókòó tí o ń bá èèyàn sọ̀rọ̀? Bí o bá wà nínú mọ́tò tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró? Máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 3, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ sì jẹ́ 24. Dókítà ará Australia kan, Murray Johns, ló gbé ìbéèrè wọ̀nyẹn jáde lọ́dún 1991, àwọn dókítà sì ń lò ó káàkiri ayé.

Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn nígbà náà. Ìwé ìdánwò ni mo rí. Mo jókòó dáadáa, mo ronú, mo fi òtítọ́ inú dáhùn gbogbo ẹ̀, mi ò fò kankan. Dókítà ṣírò ẹ̀, ó ní mo gba 19. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo béèrè ẹni tó gba ipò kìíní.

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, tó bá ti ju 10 lọ, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan fún mi lọ sílé kí n fi sùn: bẹ́líìtì kan láyà, rọ́bà tín-ín-rín kan nímú, àti ohun kan tó ń tan iná pupa lórí ìka. Mo sùn fọnfọn. Mo ní wọ́n á rí i báyìí pé wọ́n ń da ara wọn láàmú lásán. Èsì dé: láàárín wákàtí kan, ìgbà 41 ni èémí mi ń dá tàbí ń dín kù. Bí kò bá tó 5, kò séwu. Bó bá ti lé ní 30, ó ti le gan-an nìyẹn.

Sleep apnea lórúkọ tí wọ́n ń pè é. Dókítà ní bí èèyàn bá ti sùn, ẹran ọ̀fun á dẹ̀, ahọ́n á fà sẹ́yìn, ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà á sì pa dé. Àyà ń fà, imú ń fà, nǹkan kan ò wọlé. Wọn kì í tilẹ̀ kà á bí kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10. Ọpọlọ á wá rí i pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́, á ta ẹni náà jí díẹ̀, ọ̀fun á ṣí, á mí kanlẹ̀, á tún sùn lọ. Kò ní rántí ìkankan láàárọ̀. Ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ló máa ń san gbèsè ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í jìnnà sí i. Ìyẹn ni pé èmi ọ̀gá oorun, mi ò tíì sùn láti ọdún gbọọrọ. Ìjàkadì ni mo máa ń bá ọ̀fun mi jà láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìdí nìyẹn tí dáńfó fi ń dùn ún sùn.

Ìtọ́jú ẹ̀ ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní CPAP. Ọ̀mọ̀wé Colin Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ìlú Sydney ló kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún 1980, wọ́n sì kọ nípa ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, lọ́dún 1981. Mọ́tò ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń fa ìdọ̀tí kúrò nínú kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n yí padà, kó máa fẹ́ dípò kó máa fà. Kì í ṣe ọ́síjìn ló ń fúnni o. Atẹ́gùn inú yàrá náà ló ń gbá sí èèyàn nímú láìdáwọ́ dúró, kí ọ̀fun má bàa lẹ̀ mọ́ra, bí àpò náílọ́ọ̀nù tí èèyàn fẹ́ atẹ́gùn sí ṣe máa ń ṣí gbàgà. Sẹ̀ntímítà omi ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn náà, láti 4 dé 20.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ́ mi ní bí mo ṣe máa lò ó. Mo ní kó má ṣe ìyọnu. Mo ní ọwọ́ mi gba ẹ̀rọ. Mo ti tú áyọ́ọ̀nù rí, mo sì tún un tò padà. Pé kò gbóná mọ́ lẹ́yìn náà, ìyẹn ò kan nọ́ọ̀sì. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni èèyàn fi ń mọ́ ọn lára, kí n kọ́kọ́ máa dé e lójúmọmọ tí mo bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ní ọmọdé ló ń ṣe ìyẹn.

Alẹ́ dé. Mo gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mo bu omi sínú ike ẹ̀, nítorí ó ní ibi tó ti ń mú omi gbóná kí atẹ́gùn má bàa gbẹ imú. Mo fi rọ́bà há a, mo dé ìbòmú, mo fa okùn ẹ̀ kọjá ẹ̀yìn orí, mo tẹ bọ́tìnnì. Atẹ́gùn dé. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Mo ya ẹnu kí n dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ò lò ó rí, ẹ má ya ẹnu. Atẹ́gùn tó ń gba imú wọlé gba ẹnu jáde. Mo ní, "Fùùùùù."

"Kí lẹ wí?"

"Fùùùùùùù."

Ó tún ìrọ̀rí ẹ̀ ṣe, ó yíjú sí ògiri. Ó ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni òun ti ń bẹ Ọlọ́run fún ọkọ tí kò ní lè fèsì.

Ìṣòro kejì ni jíjò. Atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ìbòmú jáde, ó ń fẹ́ sí mi lójú. Mo ní okùn ni kò le tó. Mo fà á. Ó ṣì ń jò. Mo tún fà á. Mo fà á débi pé etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lẹ́yìn orí. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ ní Agodi láàárọ̀, ọmọkùnrin tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà dìde, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún, ó wo tòsì. Ó ní, "Ẹ kú ewu o, ọ̀gá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlà ni?" Akọ̀wé kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní pélé ni. Ẹnì kẹta ní rárá, àbàjà ni, àmọ́ òun ò mọ ìlú tí wọ́n ti ń kọ àbàjà wọ etí. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń jiyàn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi títí wọ́n fi ṣíwọ́ jẹun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì tó sọ fún mi pé bí okùn bá ti le jù ni ìbòmú ń jò jù. Rọ́bà tìmùtìmù ẹ̀ fẹ́ àyè tí yóò fi fẹ̀. Ó ní òun ìbá ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo gbé atẹ́gùn mì pẹ̀lú. Ìyẹn náà wọ́pọ̀. Ikùn mi á wú láàárọ̀, n óò wá máa gùnfẹ̀ níbi ìpàdé, níbi tí gbogbo èèyàn ti panu mọ́ de ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn òwúrọ̀ mìíràn, mo máa ń jí bá ìbòmú lábẹ́ ibùsùn. Mo pe àwọn ìbejì, mo dá wọn lẹ́kun lórí ọ̀rọ̀ kí wọ́n má wọ yàrá bàbá wọn lóru. Ìyàwó mi ní èmi fúnra mi ni mò ń já a jù, tí mo sì ń fi ìbínú jù ú.

Àmọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jí. Kì í ṣe pé wọ́n jí mi o, mo jí ni. Orí ò fọ́ mi. Ojú mi mọ́ kedere. Mo gbọ́ ohùn ẹyẹ níta. Mo wẹ̀, mo múra, mo dé ibi iṣẹ́ láì sùn nínú dáńfó, mo wá rí i pé àwọn ilé kan wà lójú ọ̀nà wa tí mi ò rí rí. Mo wo ojú ẹ̀rọ náà. Nítorí ẹ̀rọ yìí, amí ni; ó ń kọ wákàtí tí èèyàn fi dé e sílẹ̀, ó ń kọ bó ṣe jò tó, ó ń kọ iye ìgbà tí èémí dá. Ìgbà 41 láàárín wákàtí kan ti di 3.

Ibẹ̀ ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mo di wòlíì oorun.

Ẹnikẹ́ni tó bá yán lójú mi, ó ti kó sí i. N óò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, n óò bi í léèrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo ń fojú wọn ọrùn èèyàn kiri ìgboro Ìbàdàn: alápatà kan ní ọjà Bódìjà, 18, alága ẹgbẹ́ wa, 19, ọlọ́pàá kan ní Mókọ́lá, mo fi tiẹ̀ sínú. Níbi ìnáwó, bí ẹlòmíràn ṣe ń náwó fún olórin, èmi ń ṣàlàyé ọ̀fun. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dókítà níṣẹ́. Ó fi ìgbóná omi ẹ̀rọ náà sí ìwọ̀n àárín. Èmi yí i sókè pátápátá, mo ní ohun tó bá dára, kó pọ̀. Wọ́n ní omi tí wọ́n sè tó tún tòrò ni kí n máa lò. Mo ń fi pió wọ́tà sí i, mo ní orúkọ ẹ̀ náà ti sọ pé ó mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná wá wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́ lóru, ní ìlú tí wọ́n ti ń mú iná lọ nígbà tó bá wù wọ́n! Mo ra bátìrì. Ọmọ tó tò ó fún mi kìlọ̀ gidi. Ó ní, "Bàbá, bátìrì yìí kéré o. Ohun tó ń mú omi gbóná yẹn ló ń jẹ iná jù. Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sórí bátìrì, ẹ pa á." Mo ní mo gbọ́. Yorùbá ni yín, ẹ mọ ohun tí àgbàlagbà ń sọ tó bá ní òun gbọ́.

Oṣù Kejìlá dé. Bàbá ìyàwó mi pé ẹni ọgọ́rin ọdún, gbogbo ilé sì gbéra lọ sí Ìkòlé-Èkìtì. Ọyẹ́ ti dé ṣáájú wa. Ilé kún. Àwọn obìnrin gba yàrá, àwa ọkùnrin gba pálọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tẹ́ ẹní sílẹ̀. Àbúrò bàbá ìyàwó mi, àgbà ọlọ́lá tó jẹ́ pé èmi kì í dúró bá sọ̀rọ̀, tẹ́ tiẹ̀ sábẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní èmi àna ni kí n gba àga gígùn, nítorí ẹ̀rọ mi fẹ́ wà nítòsí iná. Bó ṣe di pé mo wà lókè, tí bàbá tó tẹ́ ẹní sábẹ́ fèrèsé yìí wà nísàlẹ̀ mi gẹ́lẹ́ nìyẹn, tí ẹ̀rọ sì wà lórí àpótí láàárín àwa méjèèjì.

Ǹ bá sùn jẹ́jẹ́. Rárá. Mo ní kí wọ́n sún mọ́ mi. Mo gbé rọ́bà sókè, mo fi ike omi hàn wọ́n, mo sọ ti Sydney, mo sọ ti mọ́tò kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Lálẹ́ òní, ẹ óò rí bí èèyàn ṣe ń sùn." Bàbá ní, "Ọkọ ọmọ mi, ṣé kò ní pa ọ́?" Mo ní, "Bàbá, oorun ìrọ̀rùn ni." Mo dé ìbòmú. Mo fi ọwọ́ kí wọn pé ó dàárọ̀. Mo sùn.

Wọ́n mú iná lọ. Bátìrì gbà á. Mi ò mọ̀.

Mi ò pa omi gbígbóná. Mo ti yí i sókè dé òpin, nítorí ọyẹ́. Omi ń gbóná nínú ike. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Rọ́bà náà tutù rinrin. Atẹ́gùn gbígbóná tó ru omi dání ń gba inú rọ́bà tútù kọjá, ó sì ń di omi padà, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan. Ó ń kóra jọ. Gùlù-gùlù. Mo gbọ́ ọ lójú oorun. Àlá gbé mi padà sí Ìbàdàn, ọdún 1980, ọdún tí omi Ọ̀gùnpa gbá ilé àti èèyàn lọ. Ọmọdé ni mí nínú àlá náà. Omi ń bọ̀. Mò ń sá.

Bátìrì kú.

Atẹ́gùn dá. Mo yí padà. Rọ́bà ga sókè. Gbogbo omi inú ẹ̀ wọ imú mi. Ọ̀gùnpa dé! Mo fò sókè. Òkùnkùn biribiri. Nǹkan kan wé mọ́ mi lọ́rùn. Mo fà á. Ó fà mí. Mo tún fà á. Ẹ̀rọ já láti orí àpótí. Ike ṣí. Omi dà sórí bàbá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Bàbá kígbe: "Ta ló tọ̀ sí mi lára?"

Ẹnì kan ní olè. Ẹnì kan ní ejò. Ẹnì kan tẹ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn obìnrin já wọlé. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì. Iná tọ́ọ̀ṣì wá gúnlẹ̀ sára mi. Mo dúró lórí àga, nínú pátá ilé, mo dé ìbòmú, rọ́bà ń ṣe jọlọ-jọlọ níwájú mi dé orúnkún, omi ń kán lẹ́nu ẹ̀. Ẹ wo ibi tí omi ti ń kán, ẹ wo ohun tí bàbá ń sọ. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ẹni tó tọ̀. Ọmọdé kan lẹ́nu ọ̀nà kígbe, "Egúngún!" ó sì sá padà.

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Imú kún fún omi. Mo ya ẹnu. Ikọ́ ló jáde. Mo ṣe ohun kan ṣoṣo tí ọkọ ọmọ lè ṣe: mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Rọ́bà náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú mi. Ìyàwó mi dúró sẹ́yìn àwọn ìyá ẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu. Èjìká ẹ̀ ń mì. Kì í ṣe ẹkún ló ń sun.

Wọ́n pààrọ̀ aṣọ fún bàbá. Wọ́n nu ilẹ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe, ọ̀rọ̀ àna ni. Gbogbo pálọ̀ padà sùn. Èmi ò lè sùn. Bátìrì ti kú, bí mo bá sì fi lè hanrun mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, mi ò ní lè wọ Èkìtì mọ́. Mo jókòó ṣan-ṣan nínú òkùnkùn. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ bàbá.

Ó ń hanrun. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sókè, ó wá dá. Kẹ́. Mo retí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú: ẹ̀wá. Ẹ̀ẹ́dógún. Ogún. Àyà mi ń já. Ó mí kanlẹ̀, ẹní mì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dá. Èmi tí mò ń wàásù kiri Ìbàdàn, mi ò gbọ́ ọ rí, bó ṣe ń dún létí ẹni tó bá lajú sílẹ̀. Fóònù ò mú un. Inú fóònù, ariwo ni. Nínú òkùnkùn, ìgbà tí kò bá dún ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ìyàwó mi ti ń gbọ́ lálaalẹ́ láti ọdún yìí wá nìyí, tí èmi sì ń sọ fún un pé àlá ló ń lá.

Ìgbà tó tún dá, ó pẹ́ jù lójú mi. Mo dìde. Mo yọ́ lọ sórí ẹní bàbá. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe é, kí n gún un díẹ̀ ní ìhà.

Bàbá lajú.

Ó rí mi lórí ara ẹ̀ nínú òkùnkùn, mo gbé apá sókè. Ẹ ò ní bi mí bí igbe ẹ̀ ṣe ga tó. Gbogbo ilé tún dìde. Tọ́ọ̀ṣì tún tàn. Bàbá ń nàka sí mi: "Ó tún dé! Ó tún dé!"

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n fún mi ní iyán ṣáájú gbogbo èèyàn, bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tí ara ẹ̀ ò dá. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún bàbá pé èémí ẹ̀ ń dá lóru, pé kó jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Èmi? Èmi kì í hanrun." Ìyàwó mi gbé abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí, ó jáde lọ rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìnkùlé. Nínú mọ́tò, nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá tí kò fi sá fún mi. Ó ní, "Sá lọ síbo? Bí mo bá sá, ta ni yóò gún yín?"

Báyìí, ọ̀rọ̀ náà ń lọ sókè sódò. Mo ń pa omi gbígbóná tí mo bá wà lórí bátìrì. Mo gbé ẹ̀rọ sísàlẹ̀ ju ibùsùn lọ, kí omi tó bá wà nínú rọ́bà lè padà sínú ike dípò imú. Mo ń fọ ìbòmú. Okùn ò le mọ́, àwọn ará Agodi sì ti ní ilà mi ti ń pa rẹ́. Bí ọ̀fìnkìn bá mú mi, gbogbo ẹ̀ á tún dojú rú. Bí mo bá mu ẹmu níbi ìnáwó, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì sọ fún dókítà. Àwọn alẹ́ kan ń dára gan-an. Òmíràn, ìbòmú á tún bọ́ sábẹ́ ibùsùn. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo jẹ́ kó kọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀ báyìí, mo tilẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ rí dókítà, ó tú àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ jáde. Ó ń yìn mí, ó ń yìn mí, ó wá dúró síbi kan. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yìí?" Mo sọ fún un. Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì. Nígbà tó gbé e sókè, ó ní ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kì í ṣe ẹ̀rín o, kí á wá bí wọ́n ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò.

A ti wá a. Ìyàwó mi ló bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù, torí tí mo bá pè, wọn kì í gbé e. Bàbá kọ́kọ́ yarí. Àwọn ọmọ ẹ̀ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lóru, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un, ó ní mọ́tò agbégilódò ni. Nígbà tó yá, ó gbà. Ó ní òun á wá sí Ìbàdàn, òun á sùn nínú ẹ̀rọ tí wọ́n bá ní kí òun sùn, òun á sì lò ó tí wọ́n bá ní kí òun lò ó.

Ohun méjì péré ló ní kí wọ́n bá òun bẹ̀ mí. Kí n má kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí n má sì sùn lókè òun.